Iná Pupa fún Orúnkún àti Awọ Ojú: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Rúlà àti Aago

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Òkèléle, ní Ìlọrin, tó ti mọ ìkòkò títí orúnkún fi ń dà á láàmú. Ó gbọ́ pé iná pupa ń dín ìrora kù. Ọmọ rẹ̀ bá lọ ra gílóòbù pupa tí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ fi ń mú òròmọdìyẹ móoru, ó gbé e ti orúnkún ìyá. Oorun gbé ìyá lọ. Ìléròrò ló jí i.

Ọjà gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù òròmọdìyẹ yẹn, tó sábà máa ń jẹ́ 250 wáàtì, ooru ló ń pèsè. Gíláàsì tí wọ́n kùn ló sọ ọ́ di pupa. LED, gílóòbù kéékèèké tí kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ni iná tí à ń wí. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: 630 sí 660 nm (nanomítà, ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) ni pupa tí ojú ń rí, èyí tí à ń lò fún awọ. 810 sí 850 nm ni èyí tí ojú kì í rí. Òun ló ń wọlé díẹ̀ sí i, òun là ń wá fún oríkèé. Bí nọ́ńbà kankan kò bá sí lára páálí, tí òǹtajà náà kò sì mọ ohun tí ẹ ń bi í, ẹ ní ẹ ń bọ̀, kí ẹ máa lọ ilé.

Àwọn kan ti gbé iná tó dára padà lọ sọ́dọ̀ òǹtajà lójú ọ̀nà Taiwo, wọ́n ní ìdajì ojú rẹ̀ ti kú. Kò kú, 850 nm ni. Kámẹ́rà iwájú fóònù sábà máa ń rí i. Ẹ kọ́kọ́ kọjú rímóòtù tẹlifíṣọ̀n sí kámẹ́rà náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí iná tó ń ṣẹ́jú, kámẹ́rà yín ríran, ẹ lè wá fi wo LED.

Kí ẹ tó tàn án, ẹ wo ara yín. Ẹni tó ń lo oògùn apakòkòrò doxycycline, ẹni tó ní lupus (àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà), ẹni tí ojú ń dùn, tàbí ẹni tí egbò tàbí kókó kan ń yí padà lára rẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Aboyún kò gbọdọ̀ tàn án sí ikùn. Iná yìí kì í wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, kì í lé ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì fa ikùn wọlé, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sí páálí. Ibi tí ìwádìí ti dúró dáadáa díẹ̀ ni irun tó ń já, ojú tó ń hunjọ, irorẹ́ àti ìrora oríkèé fúngbà díẹ̀. Láti ara irun náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ní 1967, Endre Mester, dókítà ará Hungary, tan lésà sí ara eku tó fá, irun ibẹ̀ sì yára hù.

Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ. Kò sí ìpara, pàápàá ìpara ìbóra. Òrí di ẹ̀yìn. Iná kì í gba inú ańkárá kọjá dáadáa, nítorí náà ẹ ká aṣọ sókè.

Ó wá ku ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí iná ṣe jìnnà tó, àti ìṣẹ́jú mélòó. Wọ́n rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń yá tó. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe wàrà. Ewé bómubómu díẹ̀ ló ń mú wàrà dì. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ó korò. Bákan náà ni ara wa: ìmọ́lẹ̀ ìwọ̀nba ń ran ibi tí ara ti ń pèsè agbára lọ́wọ́, àpọ̀jù sì lè pa àǹfààní ọ̀hún rẹ́.

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó jókòó jìnnà. Tó bá di ọjọ́ kẹta, imú yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan LED. Rúlà ọmọ iléèwé, tó gùn ní 30 cm, ni mo ń lò. Rúlà odindi fún awọ ojú, ìdajì rẹ̀ fún orúnkún. Mo gbé iná sórí àpótí, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbi tí àga ń dúró. Àwọn kan ń ra irin ìdúró olówó ńlá. Kí ni àpótí ò lè ṣe?

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 10. Èmi kì í kọjá 10 lójú. Orúnkún lè dé 15. Ìwé tó bá iná wá lè sọ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n awọ dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ ju awọ funfun lọ. Bí ibẹ̀ bá ń yún yín, tàbí tó ń dúdú sí i, ẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ padà pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí fóònù ké, ẹ má kà á lọ́kàn. Ẹ má sì dùbúlẹ̀. Ìjókòó ni, kí oorun má baà gbé yín lọ bíi ti ìyá yẹn.

Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹ dìde. Kì í ṣe gbèsè tí ẹ ó fi ìlọ́po méjì san lọ́la. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ni mo máa ń ṣe tèmi. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń fò sókè sódò ń ba LED jẹ́, nítorí náà mi ò kì í fi jẹnẹrétọ̀ tàn án.

Ní ti ẹyinjú: awò dúdú inú páálí ni kí ẹ wọ̀. Bí kò bá sí, ẹ ká gèlè dúdú ní mẹ́rin kí ẹ dì í bo ojú. Ẹ má ní ẹ ó kàn dijú, torí ojú kì í mọ̀ ìgbà tí 850 nm ń kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ nígbà ọyẹ́ nítorí eruku.

Lẹ́yìn tí ojú iná san, ìyá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ padà, LED ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní orúnkún ti ń jẹ́ kí òun dìde láàárọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò tíì padà sídìí ìkòkò. Ọmọọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bínú: kì í rí rúlà rẹ̀ mú lọ síléèwé mọ́.