Bí Mo Ṣe Ṣírò Oúnjẹ Ẹgbẹ́ Ogun Inú Ìtàn Àròsọ Mi

Nínú ìtàn onídán tí mo ń kọ, ọmọ ogun 10,000 ló gbéra, 3,000 nínú wọn gun ẹṣin. Mo ní kí wọ́n fi ọgbọ̀n ọjọ́ la ilẹ̀ tí kò ní oko, tí kò ní abúlé kọjá. Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo fi ohun tí a mọ̀ nípa ogun Yúróòpù láàárín ọdún 1000 sí 1500 yẹ̀ ẹ́ wò. Oúnjẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe idà.

Ọmọ ogun kan ń jẹ tó kìlógíráàmù ọkà kan lóòjọ́. Ẹṣin ń jẹ ọkà bíi kìlógíráàmù 5 àti koríko gbígbẹ bíi 5 mìíràn, ó sì ń mu omi bíi lítà 30. Ọkà nìkan jẹ́ 10,000 fún ènìyàn, 15,000 fún ẹṣin: kìlógíráàmù 25,000 lóòjọ́. Ẹṣin ń jẹ ju ẹni tó gùn ún lọ fíìfíì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń kọsẹ̀.

Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 750,000. Ẹṣin akẹ́rù kan ń ru bíi kìlógíráàmù 100, ni mo bá kọ ẹṣin akẹ́rù 7,500 sílẹ̀. Àṣìṣe ni. Ẹṣin akẹ́rù náà ń jẹun! Bó bá ń jẹ 5 lóòjọ́, nígbà tó bá fi máa di ogúnjọ́, ó ti jẹ gbogbo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Iye yòówù kí n fi kún un, kò ní dé ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹnu ni mo kàn ń fi kún ẹnu.

Mo dín ìrìn náà kù sí ọjọ́ 8, mo dín ẹlẹ́ṣin kù sí 1,000. Ọkà wá di 15,000 lóòjọ́, 120,000 lápapọ̀. Ẹṣin akẹ́rù á jẹ 40 nínú 100 tó rù, á ku 60. Iye tó kù yìí ni kí ẹ fi pín in, kì í ṣe iye tó rù: ẹṣin akẹ́rù 2,000.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1415, Ọba Henry Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní ìlú Harfleur nílẹ̀ Faransé, ó kọrí sí ìlú Calais pẹ̀lú oúnjẹ nǹkan bí ọjọ́ 8. Àwọn ará Faransé dí ibi tí wọn ì bá ti gba odò Somme kọjá, ó sì di dandan kí wọ́n tẹ̀ lé odò náà lọ sókè. Oúnjẹ ti tán kí wọ́n tó jà ní Agincourt lọ́jọ́ 25 oṣù náà. Wọ́n ṣẹ́gun, àmọ́ pẹ̀lú ebi nínú ni.

Mo wọn gígùn ọ̀wọ́ ẹgbẹ́ ogun mi lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́sẹ̀ 9,000, mẹ́rin mẹ́rin, mítà 2 fún ìlà kọ̀ọ̀kan: kìlómítà 4.5. Ẹlẹ́ṣin, méjì méjì, mítà 4 fún ìlà kọ̀ọ̀kan: 2. Ẹṣin akẹ́rù tó tò lẹ́yìn ara wọn: 8. Àpapọ̀ 14.5. Ìrìn ọjọ́ kan kò sì ju kìlómítà 15 sí 20 lọ, nítorí náà àwọn tó ṣíwájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pa àgọ́ nígbà tí àwọn ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ibi tó dára jù láti ba dè wọ́n nìyẹn, mo sì yí ìjà àkọ́kọ́ padà síbẹ̀.

Ọfà tí mo ní ó ń rọ̀ bí òjò láti àárọ̀ di alẹ́ kò ṣeé ṣe. Ìdì kan jẹ́ ọfà 24. Tafàtafà tó ní ìdì méjì, tó ń ta 6 péré ní ìṣẹ́jú kan, á ta á tán ní ìṣẹ́jú 8.

Ẹni tó bá fi igbó kìjikìji ilẹ̀ wa ṣe ibùdó ìtàn, kó yọ ẹṣin púpọ̀ kúrò. Eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun ń pa wọ́n níbẹ̀, igi kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sáré.

Ìlú wá kù. Mo kó 200,000 ènìyàn sórí òkè olókùúta, bẹ́ẹ̀ London lọ́dún 1300 kò ju 100,000 lọ. Nígbà yẹn, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń gbé ìgbèríko, torí àlìkámà tí wọ́n gbìn kì í sábà so ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, ìdámẹ́rin rẹ̀ á tún padà sílẹ̀ bí irúgbìn. Mo dín ìlú náà kù sí 20,000, mo fi abúlé yí i ká, mo gbé e wá sétí odò kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ọkà wọlé. Ojú ọ̀nà ogun náà ń tẹ̀ lé odò yẹn báyìí, nítorí ẹṣin 3,000 (1,000 tí wọ́n ń gùn àti akẹ́rù 2,000) gbọ́dọ̀ rí omi lítà 90,000 mu lójoojúmọ́.