Tó bá ku igun yẹ́lò nìkan, ẹ má yí gbogbo kúúbù
Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Rubik's Cube, kúúbù aláwọ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń yí kí ojú kọ̀ọ̀kan lè di àwọ̀ kan, tó bá ti ku kí igun òkè mẹ́rin kọjú yẹ́lò sókè, ìpele òkè nìkan ni kí ẹ máa yí láti igun kan sí èkejì. Ẹ fi igun tí kò tíì dáa sí iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wálẹ̀, ẹ ti ìsàlẹ̀ sósì, ẹ gbé ọ̀tún padà sókè, ẹ dá ìsàlẹ̀ padà sọ́tùn-ún. Tí ẹ bá ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, yẹ́lò á dé òkè. Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: yẹ́lò á ti yọjú ní ìgbésẹ̀ kẹta, èèyàn á wá gbàgbé ìkẹrin. Ẹ ṣe é parí! Ìsàlẹ̀ á dàrú bí ẹní ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, àmọ́ ẹ má fòyà: tí ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé ẹ̀ẹ̀mẹfà, ìsàlẹ̀ á padà sípò, àpapọ̀ iye ìgbà tí ẹ máa ṣe é fún gbogbo igun kì í sì í ju ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ìgbà méjìlá lọ. Tó bá wá ku igun kan ṣoṣo tó kọ̀, ẹnì kan ti lọ́ ọ tàbí tò ó lódì. Ọwọ́ lẹ máa fi lọ́ ọ padà.