Béèyàn ṣe ń ka àdúgbò tó bá wà nínú ewì: London Bridge ti Eliot

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ewì T. S. Eliot, akéwì tó gbé ní London, ò yé yín, ẹ má tíì wá ìtumọ̀ kankan, máàpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ṣí Google Maps. The Waste Land, ewì gígùn ẹ̀ tó jáde ní 1922, ni ká fi ṣe é, ìparí apá àkọ́kọ́, níbi tí èrò ti ń wọ́ kọjá lórí London Bridge, afárá odò Thames ní London, láàárọ̀ ọjọ́ òtútù kan, tí kùrukùru tó rí bí ẹrẹ̀ bo ìlú.

Ẹ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sọdá afárá, wọ́n gun òkè díẹ̀, wọ́n sọ̀ gba King William Street, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì Saint Mary Woolnoth. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín lónìí (afárá yẹn nìkan ló ti yí padà, wọ́n ta ti ìgbà yẹn fún ará Amẹ́ríkà kan ní 1968, ó tú òkúta ẹ̀ lọ Arizona, odindi afárá o!).

Ta ló ń gba ibẹ̀? Àwọn tó ń lọ ọ́fíìsì ni, Eliot náà ń ṣiṣẹ́ ní Lloyds Bank ládùúgbò yẹn láti 1917.

Ó wá ku ohun tí ò sí níbẹ̀, ibí ló dùn mọ́ mi jù. Èrò pọ̀ tó yẹn, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì, kálukú dojú kọ iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n kàn ń mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, akéwì wá ní òun ò mọ̀ pé ikú ti pa èèyàn tó báyìí. Ọ̀rọ̀ Dante nìyẹn, ará Ítálì tó ti kọ̀wé nípa ọ̀run àpáàdì ní bí 600 ọdún ṣáájú. Àwa ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, àwọn tibí ti kú kí wọ́n tó dé ọjà.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì wá lù, mẹ́sàn-án, èyí tó gbẹ̀yìn ò dún dáadáa, ó dún bí òkú. Ẹ má sáré kọ ọ́ sílẹ̀ pé "aago dúró fún ikú", Eliot fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sí àlàyé ẹ̀yìn ìwé pé òun máa ń kíyè sí i bẹ́ẹ̀, aago gidi ni, aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ wá dá Margate ṣe fúnra yín, etíkun kan ní England tí Eliot lọ sinmi sí ní 1921 nígbà tára ẹ̀ ò yá, tó wá kọ ọ́ sínú ewì yìí kan náà pé lórí iyanrìn ibẹ̀ òun ò rí nǹkan kan so mọ́ nǹkan kan. Ẹ bu iyanrìn gbígbẹ sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kà á.