Àbùkù Ojú Àkọ̀ Ọ̀bẹ Olówó Ńlá: Èwo Lẹ Lè Tún Ṣe, Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá ra ọ̀bẹ àfọwọ́rọ tówó ẹ̀ wọ ẹgbẹ̀rún dọ́là sókè, àkọ̀ ló máa kọ́kọ́ dì mú kó tó rí irin tó wà nínú ẹ̀, torí náà tí àmì dúdú bíńtín bá wà níwájú àkọ̀ yẹn, ibẹ̀ lojú ẹ̀ á lọ tààrà. Alágbẹ̀dẹ á ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí irin, á ti dán an títí á fi máa kọ mànà, gọ́ọ̀mù tíntìnnì á wá bà á jẹ́ lójú oníbàárà. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan àmì yẹn o. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá ná. Èyí tó wá látara màlúù, èyí tọ́wọ́ wa fà, èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ ló fà á, ìtọ́jú wọn ò jọra rárá, oògùn tó wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo sì ń rí jù ni àkọ̀ tó jẹ́ pé àtúnṣe ló bà á jẹ́.

Awọ tá à ń sọ níbí ni veg tan, èyí tí wọ́n fi omi èèpo igi ṣe, tó nípọn tó mìlímítà 3.2 sí 3.6, òun làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 8 sí 9 ounce. Tẹ́ ẹ bá kán omi sí i, á mu ún, ibẹ̀ á dúdú díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀bẹ nígbà tó ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ náà ló máa gbẹ sí. Awọ bàtà àti báàgì tó pọ̀ jù lọ́jà lónìí, chrome tan ni, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ chromium ṣe dípò èèpo igi, ìyẹn ò ní gbọ́ràn báyẹn, ẹ fi ṣe nǹkan míì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí màlúù. Màlúù tó fi gbogbo ayé ẹ̀ jẹko nínú pápá, ẹ̀gún á ti ya á lára, eégbọn á ti mu ún lẹ́jẹ̀, wáyà ọgbà á ti ha á, awọ ọrùn ẹ̀ á hunjọ, ipa iṣan á sì yọ lára awọ bí ẹ̀ka odò lórí máàpù. Èmi ò ka gbogbo ìyẹn sí àbùkù, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ló ń sọ ọ́ dàbùkù. Àpá tó ti jinná, tó wà lẹ́yìn níbi tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Àpá tó lanu, tó bọ́ síbi tí awọ ti ṣẹ́po tàbí síbi ẹnu àkọ̀ níbi tí ọ̀bẹ ń gbà wọlé jáde, á sán lọ́jọ́ kan, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó gé awọ, ẹ gbé e síbi fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ fi fóòmù tó tutù díẹ̀ nù ún, ẹ wá rọra ká a wò, gbogbo ohun tó bá ń fara pa mọ́ ló máa jáde. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Awọ ẹ̀yìn màlúù ni kẹ́ ẹ fi ṣe iwájú àkọ̀, tikùn máa ń fà jù, á sì hunjọ. Tẹ́ ẹ bá ti rán an tán kẹ́ ẹ tó rí àpá, dáì dúdú tàbí búráùn tó kún lè bò ó, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ní awọ aláìlọ́dàá lòun fẹ́, ẹ ya fọ́tò àpá yẹn ránṣẹ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbowó. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọwọ́ wa, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Gọ́ọ̀mù ló ń dójú ti èèyàn jù. Tí awọ bá ṣì wà ní àwọ̀ ara ẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan, àfìgbà tẹ́ ẹ bá fi dáì kùn ún, gbogbo ẹ̀ á mu dáì, ojú ibì kan tí ò ju ìka ọmọdé lọ á kọ̀ jálẹ̀, á dá yàtọ̀ gedegbe. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò dáì rárá, ẹ mú fóòmù tẹ́ ẹ ti fún omi ẹ̀ dáadáa, ẹ fi nu gbogbo ara àkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá gbé e sábẹ́ iná. Ibi tó mọ́ á dúdú lójú ẹsẹ̀ torí ó ti mu omi, ibi tí gọ́ọ̀mù wà ò ní yí àwọ̀ padà, omi á kàn dúró lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù táwọn ṣúmékà ń lò ni, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Ẹ da díẹ̀ lára gọ́ọ̀mù yẹn gan-an sórí náílọ́ọ̀nù, tó bá ti gbẹ ẹ fi ìka lọ́ ọ kó di róbótó, òun lẹ máa yí lórí àmì yẹn, gọ́ọ̀mù á máa lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, á fà á jáde kúrò lára awọ. Acetone, irú omi tí wọ́n fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́, náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń tú gọ́ọ̀mù ká wọnú awọ lọ, àmì kékeré á wá di ńlá. Tí dáì bá ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ dáì sójú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fi dáì tẹ́ ẹ ti là kó fẹ́lẹ́ nu gbogbo iwájú kó lè dọ́gba.

Irin ló tẹ̀ lé e, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rẹ awọ sómi, ó mọ́ tónítóní, ẹ padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ rí tótòtó dúdú tó fẹ́ fi búlúù jọ, ẹ ní omi ò dáa. Irọ́ ni, eruku irin ni. Ohun tó wà nínú èèpo igi tí wọ́n fi ṣe awọ, tó bá ti pàdé irin àti omi, dúdú ló máa dà, ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Torí náà tábìlì tẹ́ ẹ ti ń lọ irin, ẹ má gbé awọ tútù sórí ẹ̀ láéláé, ẹ má sì wọ épúrọ́ọ̀nù kan náà. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ dúró díẹ̀, tótòtó yẹn á máa parẹ́ lójú yín. Èyí tó bá le, ẹ po oxalic acid ṣíbí tíì kan mọ́ ìdajì lítà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, májèlé ni, ẹ má gbé e síbi tọ́mọdé lè dé. Kì í ṣe ojú àmì nìkan lẹ máa fi kùn o, gbogbo iwájú ni, torí ó máa ń jẹ́ kí awọ mọ́ sí i, tẹ́ ẹ bá fi kan ojú kan ibẹ̀ náà á tún di àmì míì. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa. Tí tótòtó bá wá pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ lè pa rẹ́, ẹ yí i sí èrè: ẹ ju irin tó ti dógùn-ún sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi kun gbogbo àkọ̀, dúdú kirikiri ló máa dà, kò sì ní ṣí sára aṣọ ẹnikẹ́ni torí kì í ṣe dáì, awọ fúnra ẹ̀ ló dúdú. Omi tí wọ́n po sódà ìdáná sí lẹ máa fi pa ìkan ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi epo pa á.

Èékánná ńkọ́? Nígbà tí awọ bá tutù, gbogbo ohun tó kàn án ló ń gba àmì ẹ̀. Ẹ gé èékánná, ẹ bọ́ òrùka, ẹ fi epo pa irin ọ̀bẹ kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e kẹ́ ẹ tó kì í bọnú àkọ̀ tútù. Ojú ibi tó bá ti tẹ̀ wọlé, ẹ tún fi omi tọ́ ọ, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí rọra rà á, á padà sípò. Ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ má gbé e sí ófùnù, abẹ́ fáànù ti tó.

Dáì tó fa ìlà-ìlà, ìkánjú ló fà á. Ẹ là á, ẹ kùn ún ní ìpele mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò ọ̀kan tó ki, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ yẹn ò fi ní gba àwọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ rírán, mi ò ní tan yín, ihò tó ti lu ti lu. Tí ìlà iwájú bá wọ́, títú ló kù, àtúntún rán inú ihò wíwọ́ kan náà ò sì ní tọ́ ọ. Tẹ̀yìn tó bá yà díẹ̀, èmi á fi sílẹ̀, ohun tí wọ́n fọwọ́ rán ni, mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Etí àkọ̀ ni mo fi ń mọ oníṣẹ́. Awọ iwájú, awọ ẹ̀yìn, àti tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi sáàárín kí ọ̀bẹ má baà gé òwú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ lẹ̀ pọ̀ débi téèyàn ò fi ní rí ojú ìpàdé wọn. Sáńpépà nọ́ńbà 120 tó rí háráhàrà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí 220, 400, 600 tó dán jù, ẹ fi omi tọ́ ọ díẹ̀, ẹ fi igi tó dán rà á títí á fi gbóná lábẹ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìda oyin parí ẹ̀. Tí ẹnu ìpàdé bá ti là, ẹ má fi ìda dí i, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ooru mọ́tò kan péré á tú àṣírí ẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ti gọ́ọ̀mù wọnú ẹ̀, ẹ fi nǹkan há a mọ́ra di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí sáńpépà 120.

Ó ku ti ọjọ́. Ẹ yọ àkọ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ẹ rí funfun lára ẹ̀, ẹ ní ó ti hùkasì. Ẹ fi dráyà irun fẹ́ ẹ wò. Tí funfun yẹn bá yọ́ wọnú awọ padà, ọ̀rá tó wà nínú awọ ló jáde, òtútù sábà máa ń fà á, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó parí. Tí kò bá yọ́, tó ní irun wúyẹ́wúyẹ́, tó ń rùn, a jẹ́ pé ó hùkasì lóòótọ́, ẹ gbé e jáde síta, ẹ nù ún kúrò, ẹ fi ọtí spirit tẹ́ ẹ fi omi là dáadáa nu inú àtòde ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó lásìkò òjò, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù di àkọ̀, aṣọ òwú ni.

Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì idẹ, ọ̀rá inú awọ ló ń bá idẹ jà. Igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tayín lẹ máa fi yọ ọ́, ẹ má fi irin, ẹ má fi pólíìṣì idẹ tó máa ta sára awọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àkọ̀ àtijọ́ ni, ẹ dúró. Àwọn àkọ̀ tó bá ọ̀bẹ Randall, ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ kan nílùú Orlando l'Amẹ́ríkà, wá láyé ìgbà kan, ilé iṣẹ́ Heiser ní Denver ló ṣe àwọn kan nínú wọn, òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn sì wà lára ohun táwọn olùkójọ ń sanwó fún. Ẹni tó bá fi dáì tuntun tàbí epo neatsfoot tó ń sọ awọ dúdú kun irú ẹ̀, ó ti bu owó ẹ̀ kù. Ẹ nu eruku, ẹ yọ aláwọ̀ ewé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀, torí awọ máa ń fa omi mọ́ra, á mú kí irin dógùn-ún, ìdógùn-ún náà á tún padà ta sí awọ. Ẹ tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ so bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí mọ́ méjèèjì lára kẹ́ ẹ má baà ṣì wọ́n mú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà wọ́n.