Bí a ṣe ń ya àwòrán sára ògiri títì, kó má lọ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ò rán an

Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ onílé, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fọ ògiri, ẹ họ péńtì tó ti ń ṣí dànù. Tó bá jẹ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni, ẹ fún un ní oṣù kan, torí sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ àwọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí o: wọ́n á ti ya àwòrán tán sínú fóònù nílé, wọ́n á wá gbé e ka ògiri tí wọn ò jókòó tì rí. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn máa bá yín parí àwòrán ọ̀hún, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Bọ̀dá kan ya ojú ńlá kan n'Íbàdàn, ojú tó rẹwà gan-an, ó kọjú sí ọsibítù kékeré kan, kó tó di ọ̀sẹ̀ kan àwọn ìyá àgbà ti ń wọbẹ̀ lọ béèrè gíláàsì ojú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ kan tó fẹ́ yẹ́ àwọn ìyá agbálẹ̀ títì sí, ó ya ìyá kan tó mú ìgbálẹ̀ dání sára fẹ́ǹsì iléèwé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dìbò ní 2023. Ìgbálẹ̀, àmì APC! Òru ni wọ́n fi ọ́ìlì dúdú kùn ún pa. Ká ní agboòrùn ló yà, wọ́n á ní PDP ni, bàbá, ìyá àtọmọ tẹ́ ẹ rò pé ìdílé lásán ni, Labour Party nìyẹn. Iwájú iléèwé sì ni wọ́n ti ń dìbò lọ́pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ òfin ìdìbò 2022 tí wọ́n ń lò nígbà yẹn ní kẹ́nikẹ́ni má gbé àmì ẹgbẹ́ òṣèlú dé ìwọ̀n 300 mítà sí ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ ìdìbò. Lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ìyá yẹn ì bá kàn jẹ́ ìyá tó ń gbálẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra péńtì, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Èmi máa ń jókòó ti fọgánáísà, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí ò mọ̀: bóyá mọ́tò ti pa ọmọ níbẹ̀, bóyá oríta tí wọ́n ń gbẹ́bọ sí ni. Lẹ́yìn náà ẹ fi èédú yà á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko. Ṣọ́ọ̀kì máa ń kán lára ògiri tí ò dán, èédú ò sì wọ́n, ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá alágbàdo. Ẹ wá fetí sí orúkọ táwọn ọmọdé ń pè é. Tórúkọ ọ̀hún ò bá bá ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn mu, ẹ yí àwòrán padà tàbí kẹ́ ẹ wá ògiri mí-ìn, ẹ má kọ àlàyé sísàlẹ̀, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ò ní kà á.

Kíkùn ò le. Ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì péńtì ìta funfun kan, kẹ́ ẹ ra àwọ̀ tẹ́ ẹ máa pò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ má ra agolo lóríṣiríṣi. Rólà fún ibi tó fẹ̀, fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ fún ojú àti ara èèyàn, ó sàn ju búrọ́ọ̀ṣì lọ.

Tí onílé bá wá ní kẹ́ ẹ bá òun kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù òun sígun ẹ̀, ẹ má gbà rárá. Ó ti di ìpolówó nìyẹn, tó bá sì jẹ́ Èkó, ọ̀rọ̀ LASAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó ìta, ti dé.