Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yẹ ìlera dísíìkì RAID wò lórí server

Tí ẹ bá wọ àwọn ọ́fíìsì tí a ń bá ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Lágéré tàbí iléèwé aládàáni lọ́nà Mayfair, ẹ ó bá server kan lábẹ́ tábìlì tàbí nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì akápò. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, owó tí oníkálukú dá wà níbẹ̀, gbèsè tí wọn kò tíì san tán náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní, "RAID ló wà nínú ẹ̀, kò séwu." Ewu ń bẹ o. Lóòótọ́ ni RAID, ìyẹn ètò tó ń da dísíìkì mélòó kan pọ̀ ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ tí dísíìkì kan bá kú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀kan ti kú kò ní pààrọ̀ rẹ̀ títí èkejì yóò fi tẹ̀ lé e.

Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù ni kí ènìyàn máa bi Linux (ètò tó ń darí server) léèrè nípa dísíìkì tí Linux fúnra rẹ̀ kò rí. Ẹni tó ti lo smartctl, àṣẹ tó ń ka SMART (ìròyìn ìlera tí dísíìkì ń kọ nípa ara rẹ̀), lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ á jókòó síwájú server, á tẹ `smartctl -a /dev/sda`, á máa retí èsì. Lórí server tó ní káàdì RAID, /dev/sda tí Linux ń pè ní dísíìkì kì í ṣe dísíìkì gidi. Káàdì yẹn ti kó dísíìkì mẹ́rin tàbí mẹ́fà pọ̀, ó sọ wọ́n di ọ̀kan, ọ̀kan yẹn nìkan ló sì ń fi han Linux. Ó dà bíi baálé tí ẹ kí lẹ́nu ọ̀nà, tó ní "Àlàáfíà ni," nígbà tí ọmọ kan ń ṣòjòjò nínú yàrá. Orúkọ káàdì ni ẹ ó rí, bíi PERC H710, pẹ̀lú ìlà kan tó ní "SMART support is: Unavailable". Àwọn mìíràn á gbà pé dísíìkì àwọn kò ní SMART ni, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní SMART. Káàdì ló dúró láàárín.

Lórí àwọn káàdì ìdílé MegaRAID, tí ọ̀pọ̀ PERC inú server Dell wà lára wọn, bí a ṣe ń béèrè nìyí:

`storcli /c0/eall/sall show`

`smartctl -a -d megaraid,8 /dev/sda`

Àṣẹ kìíní, tó ń lo storcli, irinṣẹ́ tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀, á to gbogbo dísíìkì sílẹ̀ fún yín. (Tí server bá jẹ́ ti Dell, perccli ni ẹ ó lò dípò storcli, àṣẹ wọn bákan náà ni.) Nọ́ńbà 8 tó wà nínú àṣẹ kejì wá láti abẹ́ DID (nọ́ńbà tí káàdì fi ń mọ dísíìkì) nínú tábìlì yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà slot (ihò tí a ki dísíìkì bọ̀). Dísíìkì tó wà ní slot 0 lè jẹ́ DID 8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé méjèèjì fún ara wọn á ka àìsàn dísíìkì kan sí òmíràn lọ́rùn, á wá fa èyí tó lera yọ. Tí ó bá jẹ́ RAID 5, irú tó lè fara da ikú dísíìkì kan ṣoṣo, tí ọ̀kan sì ti kú tẹ́lẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó fa dísíìkì kankan, ẹ tẹ `storcli /c0/e32/s2 start locate`, kí ẹ fi nọ́ńbà e (àpótí dísíìkì) àti s (slot) tiyín sí i. Iná iwájú dísíìkì náà á máa ṣẹ́jú, ẹ ó sì mọ èyí tí ẹ fẹ́ dì mú.

Fún HP, ssacli ni: `ssacli ctrl slot=0 pd all show status`, smartctl tirẹ̀ sì ń gba `-d cciss,0`. Ti Adaptec ni arcconf.

Àwọn kan mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti rí PASSED tàbí OK, ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó. Ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ìlà tó ń ka iye ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lójú dísíìkì: Reallocated_Sector_Ct, Current_Pending_Sector, Offline_Uncorrectable. Lára dísíìkì SAS (irú tí wọ́n ṣe fún server), ẹ wá ìlà "Elements in grown defect list". Nọ́ńbà kékeré tó dúró sójú kan láti ọdún tó kọjá kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń gun òkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kò yẹ kí ẹ fojú rénà, nítorí náà ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ní 2007, àwọn olùṣèwádìí Google tẹ ìwádìí kan jáde lórí dísíìkì tó lé ní 100,000. Dísíìkì tí a bá rí àṣìṣe lára rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí a ń yẹ ojú rẹ̀ wò fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín 60 ọjọ́ ju èyí tí kò ní àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ó lé ní ìdá 36 nínú 100 àwọn tó kú tí SMART kò sọ nǹkan kan nípa wọn, tí a bá yọ ti ìgbóná kúrò. Èyí ni mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi SMART nìkan ṣe gbogbo ààbò rẹ̀ láìní ẹ̀dà àfipamọ́ níbòmíràn.

Kò yàtọ̀ sí èyí ni kí ènìyàn rí Optl (Optimal) lára àkójọpọ̀ dísíìkì RAID kó sì fọkàn balẹ̀. Optl ń sọ pé kò sí dísíìkì tó ti jáde. Kò sọ pé ara gbogbo wọn le. Ẹ tẹ `storcli /c0/eall/sall show all`, kí ẹ wo Media Error Count àti Predictive Failure Count lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí dísíìkì kan bá kú nínú RAID 5, tí ẹ fi tuntun sí i, káàdì gbọ́dọ̀ ka gbogbo àwọn tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó lè tún ti òkú kọ. Ojú ibi tó ti bàjẹ́ lára ọ̀kan nínú wọn, níbi àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa yọjú, kò sì ní sí ibi tí a ti máa rí ẹ̀dà rẹ̀ mú.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá patrol read sílẹ̀. Ó máa ń rọra ka gbogbo ojú dísíìkì kiri, káàdì á sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe nígbà tí ẹ̀dà ṣì wà. Wákàtí 168 ni àlàfo tí MegaRAID sábà máa ń fi sí i, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ àwọn tó pa á nítorí pé server ń lọ́ra. Ẹ má ṣe pa á. Ẹ fi `storcli /c0 show patrolread` wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sún un sí òru ọjọ́ Àìkú tí kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Aago ìkìlọ̀ ńkọ́? Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo lọ, akọ̀wé ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ń ké ṣáá, kò jẹ́ ká gbọ́ràn. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ló wá pa á." Mo fi aṣọ nu iwájú server. Eruku ọyẹ́ ti bò ó débi pé iná pupa rúsúrúsú tó ń ṣẹ́jú lára dísíìkì kẹta kò hàn mọ́. Dgrd (Degraded) ni storcli kọ, ìyẹn ni pé dísíìkì kan ti jáde. Owó àwọn ìyá ọlọ́jà ló wà lórí àwọn dísíìkì yẹn, ó sì dùn mí dọ́kàn. `set alarm=silence` máa ń pa igbe tòní nìkan; `set alarm=off` ló ń pa á títí láé, òun ni wọ́n sì lò.

Ti bátìrì orí káàdì tún wà, ó sì kan àwa tí NEPA ń mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bátìrì yẹn ló ń tọ́jú ohun tí káàdì ti gbà ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ sórí dísíìkì. Tí ó bá kú, káàdì á bọ́ sí WriteThrough, ìyẹn kó máa kọ nǹkan tààrà sórí dísíìkì, gbogbo nǹkan á sì máa wọ́. Àwọn kan á wá fi tipátipá yí i sí AWB, ìyẹn kó ṣì máa kó nǹkan pamọ́ sórí káàdì bí bátìrì tilẹ̀ ti kú, kó lè yára. Ìgbà tí iná bá lọ, tí UPS náà sì rẹ̀, gbogbo ohun tó wà lórí káàdì ṣòfò nìyẹn. Ẹ fi `storcli /c0/bbu show` tàbí `/c0/cv show` wo ipò rẹ̀, kí ẹ ra bátìrì tuntun.

Nínú smartd, ètò tó ń bá yín ṣọ́ SMART nígbà gbogbo, ẹ kọ ìlà kan fún DID kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi `-M test` dán an wò bóyá lẹ́tà ìkìlọ̀ ń dé ọwọ́ ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí ọ̀kan bá kú kí ẹ tó wá arọ́pò. Dísíìkì SAS kì í ṣe ohun tó rọrùn láti rí ní Ifẹ̀; títí kan á fi ti Computer Village Ìkẹjà dé, àkójọpọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹ ra ọ̀kan pamọ́ nísinsìnyí, irú kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀, kó má kéré sí wọn. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo iye wákàtí tó ti lò, kí ẹ fi `smartctl -t long` yẹ̀ ẹ́ wò tinútòde kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tó bá yege, ẹ kì í bọ slot tó ṣófo, kí ẹ tẹ `storcli /c0/e32/s5 add hotsparedrive`. GHS (arọ́pò tó wà ní sẹpẹ́) ni ẹ ó rí lára rẹ̀ nínú tábìlì, òun ni káàdì á sì gbé wọlé fúnra rẹ̀ tí ọ̀kan bá kú lóru.