Ìrànlọ́wọ́ fún aláàbọ̀ ara tó fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti kọ̀wé béèrè ìrànlọ́wọ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí ìwé dókítà sọ ohun tó ṣòro fún aláàbọ̀ ara náà: “kò lè kọ̀wé ju ogún ìṣẹ́jú lọ” wúlò ju orúkọ àìsàn lásán.

Tí wọ́n bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún àkókò, wákàtí 3 di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ kọ aago tí yóò parí sójú pátákó.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa bá a kọ̀wé ló máa ń dojú rú jù. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà kò yẹ, torí ó lè máa tún ìdáhùn ṣe. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà rí yóò sì máa ṣi í kọ. Ẹ jẹ́ kí aláàbọ̀ ara náà àti ẹni tí yóò bá a kọ̀wé jọ fi ìbéèrè àtijọ́ dánra wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ ìdánwò, yàrá ọ̀tọ̀ ni kí àwọn méjèèjì jọ wà.

Ẹ lọ wo gbọ̀ngàn náà ṣáájú. Ẹ wọn ilẹ̀kùn fún kẹ̀kẹ́ arọ. Iná lè lọ nígbàkigbà: ẹ gba iná kún kọ̀ǹpútà tó ń kàwé sókè, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.